Àdírẹ́ẹ̀sì Bàbá

Ẹni méjì ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà. Àǹtí Okùn, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ torí wáyà kì í wọ́n lọ́rùn ẹ̀, ni ọ̀gá; Ọwọ́yá ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá ń gbé ètò tuntun sórí ẹ̀rọ, àǹtí á máa pe nọ́ńbà láti orí, Ọwọ́yá á máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, méjì kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Òfin kan ṣoṣo ni àǹtí fi lélẹ̀: "Kànkùn kóo tó wọlé." Ìyẹn ni pé kó o kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì náà láti orí ẹ̀rọ mìíràn. Bí nǹkan kan bá dáhùn, ilé onílé nìyẹn, yáa padà.

Lọ́jọ́ yìí, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wá wò wọ́n. Ó ti ṣèlérí pé bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá dáa, Ọwọ́yá ló máa lọ darí ẹ̀rọ ní ẹ̀ka tuntun. Àǹtí Okùn ni Ọwọ́yá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, kó tó sọ fún ìyá tó bí i. Àǹtí sì dì mọ́ ọn gbàgì.

Ìgbà tí fóònù pe ọ̀gá àgbà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ètò náà bèèrè àdírẹ́ẹ̀sì.

"Mẹ́wàá ló gbẹ̀yìn ẹ̀," ni Àǹtí Okùn wí.

Ọwọ́ Ọwọ́yá dúró. Bàbá ló ni mẹ́wàá, ẹ̀rọ ńlá inú yàrá tútù tí fáìlì gbogbo aláìsàn wà nínú ẹ̀.

"Àǹtí, ṣé kì í ṣe ti Bàbá nìyẹn?"

"Mo ti gbé Bàbá kúrò níbẹ̀ láàárọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n kànkùn wò."

"Ọ̀gá ń bọ̀ o! Èmi tí mo kọ́ ẹ, ṣé mo máa parọ́ fún ẹ ni?"

Ojú ti Ọwọ́yá. Ó tẹ mẹ́wàá, ó sì ní kí ètò náà gbà á.

Ó gbà á lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ ni ariwo ta níwájú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń ké, apòògùn sáré wọlé pé fáìlì kankan ò ṣí mọ́. Ẹ̀rọ méjì ti ń du ilé kan. Ọwọ́yá fa wáyà ẹ̀rọ tuntun yọ, ó wá di díẹ̀díẹ̀ kí ara Bàbá tó balẹ̀.

"Nọ́ńbà wo lẹ pè fún un?" ni ọ̀gá àgbà bi àǹtí nígbà tó padà wọlé.

"Ogún, sà. Ọmọ yìí ò tíì gbó. Àánú ẹ̀ tó ń ṣe mí ni ò jẹ́ kí n tètè sọ."

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí! Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣì gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ka tuntun ná, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

"Àǹtí, kí ni mo fi ṣe yín?"

Àǹtí Okùn ò wojú ẹ̀. "Gbogbo àwọn tí mo kọ́ ló fi mí sílẹ̀ lọ. Bí ìwọ náà bá lọ, ta ni mo máa wá bá ṣiṣẹ́?"

Ẹ gbọ́ ìfẹ́ o! Ìfẹ́ tó ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀ kéèyàn má baà rìn jìnnà. Inú Ọwọ́yá bàjẹ́ ju bó ṣe máa bàjẹ́ ká ní ìkórìíra ni.

Àǹtí fa àga ẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. "Ó yá, jẹ́ ká parí ẹ̀. Ogún."

Ọwọ́yá ò tẹ ogún. Ó yí sí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó sì kànkùn níṣojú àǹtí gan-an. Àwọn méjèèjì jọ ń wo ojú ẹ̀rọ.

Kò sóhun tó dáhùn. Ilé náà ṣófo, òótọ́ ni àǹtí sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbà yẹn gan-an ni omijé bọ́ lójú Ọwọ́yá, torí ó mọ̀ pé òun ò tún ní gba ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu àǹtí òun mọ́ láìkọ́kọ́ kànkùn.