Òórùn Tó Ń Sá Lára Ọṣẹ

"Ó tún ti sá lọ," ni Onímú wí bó ṣe ń mú ọṣẹ náà kúrò nídìí imú rẹ̀. "Gbà, gbọ́ ọ wò."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gba ọṣẹ náà, ó gbé e súnmọ́ imú, kíá ló sì gbé e jìnnà. Ojú rẹ̀ ṣe omi díẹ̀.

"Ó run, àbí kò run?"

"Kò run, Màmá."

"Mo mọ̀. Òróró ayé ìsinsìnyí, omi lásán ni wọ́n ń bù lé e lórí."

Yàrá ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà, níbi tí Onímú ti ń ṣe ọṣẹ láti ìgbà tí ọmọkùnrin rẹ̀, ọkọ ìyàwó yìí, kò tíì gbọ́njú. Pẹpẹ onígi yí ògiri ká láti ilẹ̀ dé òkè, ọṣẹ tó ń gbẹ lọ́wọ́ sì tò sórí wọn ní ìlà-ìlà. Onímú kì í gbé ọṣẹ kaná. Omi sóódà àti epo àgbọn ló máa ń pò pọ̀ nínú ọpọ́n títí yóò fi ki, kó tó da òróró olóòórùn sí i: èyí tí wọ́n fún lára èèpo ọsàn, èyí tí wọ́n fà jáde lára koríko ọba, tàbí ti kànáfùrù tó máa ń ta èèyàn nímú. Yóò wá dà á sínú àpótí kó lè dì, yóò gé e, yóò sì tò ó sórí pẹpẹ títí oró sóódà yóò fi tán lára rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ṣe irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òórùn ni ìjà ibẹ̀. Sóódà ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Ti ọsàn ló wá burú jù. Bí àlejò pàtàkì ló máa ń wọlé, kí o tó gbé àga fún un, ó ti dágbére. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti torí èyí pa iṣẹ́ náà tì. Onímú ní tirẹ̀ mọ bó ṣe ń dá òórùn dúró, nítorí ìgbàkigbà tó bá fẹ́ yọ́ sá ni imú rẹ̀ máa ń ká a mọ́.

Orúkọ náà kò ṣèèṣì mọ́ ọn lára. Obìnrin yìí lè dúró sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò kó sọ pé epo inú ìgò yín ti fẹ́ kan. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, téló tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, bó bá mu ẹyọ sìgá kan péré níbi iṣẹ́, tó jẹ ata, tó jẹ ọsàn lé e, láti ìdí ilẹ̀kùn ni ìyàwó rẹ̀ yóò ti béèrè ẹni tó fún un.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀fìnkìn burúkú kan ti dá Onímú wó nígbà òtútù, gbogbo ọṣẹ tó ń ṣe ni òórùn ń sá lára wọn. Ó bínú sí ẹni tó ń ta òróró fún un, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó bínú sí fèrèsé, ó fi aṣọ dí i. Nígbà tí kò rí ẹlòmíràn tí yóò bínú sí mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún òróró. Bó ti ń fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàwó ń sọ pé òun náà kò gbọ́.

"Kó wọn sínú páálí," ó ní. "Agbẹ̀bí ti ń retí wọn. Bí kò bá tilẹ̀ run, yóò ṣáà fọ ara mọ́."

Ìyàwó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọṣẹ.

Agbẹ̀bí yìí ló ni ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní ìparí òpópónà. Abiyamọ kankan kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ sílé láìgba ẹyọ kan lára ọṣẹ Onímú. Kò sí oníbàárà tí Onímú fẹ́ràn tó o, torí kò sí ilé ọmọ tuntun kan ní àdúgbò tí iṣẹ́ ọwọ́ òun kò wọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ gbé páálí náà padà wá. Ó ti fi ọ̀rá wé e, ó so ó lẹ́nu pinpin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Kí lẹ fi sínú ọṣẹ yìí?"

"Ohun tí mo máa ń fi sí i náà ni. Ó kàn ń dùn mí pé kò run ni."

"Kí ni kò run?" Agbẹ̀bí gbé páálí náà sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe ṣí i nínú wọ́ọ̀dù báyìí, gbogbo wa la bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Mo kọ́kọ́ fi fọ ọwọ́ ara mi kí n tó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó." Ó na ọwọ́, àárín àwọn ìka rẹ̀ pọ́n. "Kànáfùrù ti pọ̀ jù. Ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò lè gbà á, ká má tíì sọ ti ọmọ tuntun."

"Bóyá kì í ṣe tèmi ni wọ́n gbé fún ọ."

"Tiyín ni. Láti ìkóríta ni mo ti ń gbọ́ òórùn yàrá yìí bí mo ṣe ń bọ̀."

Onímú wo ìyàwó. Ìyàwó ń wo ilẹ̀.

"Áà, kì í ṣe èmi nìkan nìyẹn!" ni Bàbá Téló, ọkọ Onímú, ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mo ti ń rò ó pé àìsàn ló ń ṣe mí, tí mo ń sín láti àárọ̀ dalẹ́."

Agbẹ̀bí rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ ra ti ilé iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo lè dúró títí òmíràn yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n bó bá tún rí báyìí, mi ò ní lè gbà á mọ́. Awọ ọmọ ọlọ́mọ ni."

Nígbà tó lọ tán, Onímú mú ìgò kànáfùrù, ó ṣí i, ó gbé e sábẹ́ imú, ó fà á símú títí àyà rẹ̀ fi kún. Afẹ́fẹ́ lásán ni. Ó ṣí ti ọsàn. Afẹ́fẹ́ náà ni. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe tuntun. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà òtútù, ọṣẹ ni Onímú ń dá lẹ́bi kó má bàa wò ó lójú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tó sì ti ń ṣe láti ìgbà yẹn wá nìyẹn.

"Ìyàwó."

"Màmá."

"O ń gbọ́ òórùn rẹ̀?"

"Mo ń gbọ́ ọ, Màmá. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí mi ò gbọ́ ọ."

"O wá ń sọ fún mi pé kò run! O jẹ́ kí n di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú Agbẹ̀bí. Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Màmá, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sọ fún yín pé ó ń run. Ẹ bi mí pé ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbọ́ òórùn. Ẹ tún yínmú sí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ fún ara mi pé ohun tí Màmá bá ti gbọ́, òun lèmi náà gbọ́." Ohùn rẹ̀ ti ń di ẹkún. "Ta ni mí, tí mo fi máa sọ pé ẹ̀yin, Onímú, ẹ kò gbóòórùn?"

Onímú rántí ọjọ́ náà. Ó rántí bó ṣe yínmú pàápàá. Ó ṣì ń bínú, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí mọ́.

"Ọbẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí mo ń sọ pé iyọ̀ kò tó?"

"Iyọ̀ tó, Màmá. Mo kàn ń fi kún un ni."

"Abájọ tí Bàbá fi ń mu omi bí ẹni tó rin ìrìn àjò," ni Onímú wí, ó sì jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ bá a ní ìrọ̀lẹ́, tó jókòó láìṣe nǹkan kan.

"Imú mi ti lọ, Bàbá."

"Yóò padà. Ọ̀fìnkìn ni."

"Bí kò bá padà ńkọ́?"

Bàbá Téló fa àga tirẹ̀ súnmọ́ ọn. "Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nígbà tí ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ta ló ń bá mi ki òwú bọ̀ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ṣé mo torí ẹ̀ dáwọ́ aṣọ rírán dúró?"

"Téló tí kò ríran dáadáa, téló náà ni wọ́n ń pè é. Onímú tí kò gbóòórùn, kí ni wọn yóò máa pè é?"

Bàbá Téló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó jókòó tì í títí tí wọ́n fi pè wọ́n wọlé wá jẹun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Onímú lọ bá Agbẹ̀bí, ó sì sọ òótọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán. Agbẹ̀bí júwe dókítà tó ń tọ́jú imú àti ọ̀fun fún un, ó ní tàwọn kan máa ń padà díẹ̀díẹ̀, tàwọn mìíràn kì í padà.

"Ta ni yóò wá máa bá yín gbóòórùn ọṣẹ báyìí?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ṣé yóò lè sọ òótọ́ fún yín?"

"Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn," ni Onímú dáhùn. Ohun tó ń já a láyà jù lọ ni. Bí imú bá kú, tí ìyàwó sì tún ń sọ ohun tó rò pé yóò dùn mọ́ òun nínú, a jẹ́ pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Ó délé, ó pe ìyàwó wọ yàrá ọṣẹ. Èyí tí Agbẹ̀bí dá padà, wọ́n rin ín, wọ́n yà á sọ́tọ̀ kí wọ́n lè pò ó mọ́ ọṣẹ ìfọṣọ tí kò ní òórùn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Onímú da òróró ọsàn sínú amọ̀ funfun tó kúnná, ó bò ó kó lè mu ún dáadáa.

"Amọ̀ yìí ni yóò dì í mú," ó ní. "Ọsàn kò lè dá dúró. Koríko ọba ni kó o fi tì í lẹ́yìn. Kànáfùrù, ẹ̀kán díẹ̀ báyìí, kó lè máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Má sì kánjú. Ooru sóódà ṣì wà lára ọpọ́n, jẹ́ kó tutù kó o tó dà wọ́n sí i. Bí ó bá gbóná, òórùn á bá ooru lọ."

Ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí epo àti omi sóódà di ọ̀kan, ó mọ ìgbà tó ki dé ibi tó yẹ. Nígbà tó da amọ̀ olóòórùn náà sí i tó rò ó pọ̀, ó tẹ orí ba sórí ọpọ́n bó ṣe máa ń ṣe. Kò gbọ́ nǹkan kan. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ìgò kànáfùrù.

"Ó tó, Màmá."

"Ẹ̀kán kan péré."

Ìyàwó na ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó fi bo ẹnu ọpọ́n. "Rárá, Màmá. Ó tó."

Kò tíì sí ẹni tó sọ rárá fún Onímú rí nínú yàrá yẹn. Ó dùn ún, inú sì bí i, ọ̀rọ̀ gbígbóná kan ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ tó bo ẹnu ọpọ́n yẹn. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà gidigidi, síbẹ̀ kò gbé ọwọ́ kúrò. Onímú gbé ọ̀rọ̀ gbígbóná náà mì, ó sì ti ìdérí bọ ìgò.

"Ó dáa. Dà á sí àpótí."

Wọ́n jọ fọ ọpọ́n náà.

Ní gbogbo ìgbà tí ọṣẹ náà fi ń gbẹ, wọ́n fi bébà wé e síbi tí oòrùn kò dé, Onímú kò sì gbé ẹyọ kan sí imú. Dókítà náà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ Agbẹ̀bí ló tún un sọ: ó lè padà, ó lè má padà. Iyọ̀ ọbẹ̀ ti padà sí bó ṣe yẹ, Bàbá kò sì mu omi bí ẹni tó rin ìrìn àjò mọ́.

Nígbà tí ọṣẹ gbẹ, Onímú tú bébà kan, ó gbé ọṣẹ inú rẹ̀ fún ìyàwó.

"Sọ bó ṣe rí fún mi."

Ìyàwó di ojú, ó gbọ́ ọ, ó sì tún gbọ́ ọ. Kò kánjú.

"Ọsàn ti dínkù, Màmá. Kò pọ̀ bíi ti ọjọ́ tí a ṣe é."

Ọkàn Onímú kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́yìn náà ni ọkàn kan náà balẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ fi irọ́ tu èèyàn nínú kò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

"Ṣé ó kù níbẹ̀?"

"Ó kù. Ó rí bí ìgbà tí ẹnì kan bó ọsàn nínú yàrá, tó wá jáde. Koríko ọba ló wà níwájú, ó ń tuni lára. Kànáfùrù wà nísàlẹ̀, kò pariwo. Kò ta mí nímú rárá."

Bí Onímú ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn, láti ìgbà tó ti ń wọn òróró. Omi bọ́ lójú Onímú, kò sì nù ún. Ó fa àga kan, ó jókòó, òun náà di ojú.

"Tún un sọ," ni ó wí. "Má yára."