Ìjókòó Ẹnu Ilẹ̀kùn

Èéfín ti kún ojú Ìbíyẹmí, ṣùgbọ́n kò dúró. Igbá pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ti gàrí sẹ́yìn, ó ń fà á bọ̀ síwájú, kí ìdí agbada má baà jó o. Gàrí yìí kì í ṣe ti ọjà. Ẹ̀bùn ìdúpẹ́ ni fún Àjàmú, àbúrò ọkọ rẹ̀; ọkọ náà ti di olóògbé. Àjàmú ló ni bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò láti Èjìgbò lọ sí Àbíjàn. Ní oṣù tó kọjá, ó gbé Ayọ̀, àkọ́bí Ìbíyẹmí, lọ láìgba kọ́bọ̀. Lónìí, ó tún ń bọ̀ wá gbé Ooreọ̀fẹ́, àbúrò Ayọ̀ obìnrin. Gbogbo ìlú Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló ti yìn ín. Ọmọbìnrin náà ti di báàgì rẹ̀, ó ti lọ dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ àdúgbò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ayọ̀."

Kàdíjà ló wọlé, ọmọ àdúgbò tó ń ná ọjà Àbíjàn. Bọ́ọ̀sì kan náà lòun àti Ayọ̀ jọ wọ̀ lọ. Àná ló padà wálé.

"Kàdíjà! Wo bí o ṣe sanra! Àbíjàn mà yẹ ọ́ o. Ọmọ mi ń kọ́? Láti ọjọ́ tó ti lọ ni fóònù rẹ̀ kò ti wọlé. Àjàmú ní kò tíì rí káàdì tibẹ̀ rà ni, pé ara rẹ̀ le."

Kàdíjà kò jókòó sórí àpótí tí Ìbíyẹmí nà sí i. "Ẹ kú ìfaradà, mà. Ìdí tí mo fi yà nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ìyá ló lè gbà fún irú ohun tí ẹ gbà fún."

"Kí ni mo gbà fún?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnubodè."

"Ẹnubodè báwo?"

Ìgbà náà ló yé Kàdíjà pé obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan. Ó fẹ́ yíjú padà. Ìbíyẹmí fi igbá dí ẹnu ọ̀nà fún un, gàrí gbígbóná ń já bọ́ lára rẹ̀.

"Kàdíjà, ọmọ mi dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń kọjá tí kì í fi ẹnì kan sílẹ̀ fún àwọn jàǹdámù, àwọn ọlọ́pàá ẹnubodè ilẹ̀ Àbíjàn. Wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fi han ọ̀gá wọn pé àwọn ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti rí ẹnì kan mú, wọn kò ní béèrè pàpíyé, ìwé ìrìnnà, lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ìjókòó ẹnu ilẹ̀kùn ni ẹni náà máa ń jókòó sí. Òun ni kì í sanwó ọkọ̀. Gbogbo àwa tí à ń lọ tí à ń bọ̀ la mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ẹ̀yin àti Bàbá wa Àjàmú ti jọ fohùn ṣọ̀kan sí i ni."

"Kí ni Ayọ̀ sọ?"

"Ó ní, 'Bàbá, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀.' Bàbá wa Àjàmú ní òun kò mọ̀ ọ́n rí, pé ojú ọ̀nà ló ti wọkọ̀. Ọmọ náà ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀. Ó rò pé wọ́n ń ṣeré ni."

Gàrí ti fẹ́ máa jó. Ìbíyẹmí padà sídìí agbada, ó ń ti gàrí síwá sẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọ̀kadà kan dákẹ́ níta. Àjàmú wọlé, ó ń na imú sókè.

"Ìyàwó wa! Epo ti tán nínú ọ̀kadà mi láti Èjìgbò, òórùn gàrí rẹ ló fà mí dé ibí!" Ó rí Kàdíjà. Ẹ̀rín náà gbẹ.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi," ni Ìbíyẹmí wí. "Ayọ̀ ń kọ́?"

"Ṣebí mo ti sọ fún ọ pé káàdì fóònù..."

"Ẹnubodè ni mo ń bi yín."

Àjàmú jókòó sórí àpótí. Kò sẹ́.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ọkọ̀ tí kò bá fi ẹnì kan sílẹ̀, gbogbo èrò inú rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà. Ṣé ọmọ ẹni tó sanwó ni kí n fà lé wọn lọ́wọ́? Wọn á wá dáná sun ilé mi. Nínú ilé ara mi ni mo ti mú un, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi bú."

"Ọmọ ẹni tí kò lè bú yín lẹ mú."

"Wọn kì í pa wọ́n. Wọ́n á lò wọ́n lóko, wọ́n á sì tú wọn sílẹ̀."

"Nígbà wo?"

Àjàmú yọ aṣọ ìnujú, ó nu ọrùn. "Ooreọ̀fẹ́ dà?" ó bèèrè. "Ọkọ̀ ti kún."

Ìbíyẹmí kò pariwo. Ó yọ igi kúrò nínú iná, ó bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó tẹ́ gàrí sórí aṣọ kí ó tutù, ó fi asẹ́ kù ú, ó yọ èyí tó dì sọ́tọ̀, ó da ìyókù sínú àpò, ó sì so ẹnu rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ó ti pààrọ̀ aṣọ, ó ti wé gèlè.

"Kàdíjà, mú Ooreọ̀fẹ́ lọ sọ́dọ̀ yín. Má jẹ́ kó fojú kan ibí títí ọkọ̀ yóò fi lọ." Ó yíjú sí Àjàmú. "Èmi ni mo máa jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ibi tí wọ́n mú ọmọ mi lọ ni kí wọ́n mú mi lọ."

"Ìyá Ayọ̀, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Kàdíjà wo Àjàmú, ó ń retí kí ó kọ̀, kí ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀.

Àjàmú mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Ìyẹn náà dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí a bá débẹ̀, má pè mí lórúkọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àpò gàrí. Ìbíyẹmí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ti Ayọ̀ nìyẹn."

Ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó gbé àpò náà lé itan, wọ́n sì dorí kọ ọ̀nà Èjìgbò.