Pẹpẹ Tí Káfíńtà Kàn fún Ìyàwó Rẹ̀

Ìṣó tó gbẹ̀yìn kò fẹ́ wọlé. Káfíńtà fún ètè pọ̀, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ògiri. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí tó dúró lé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku ara pẹpẹ tuntun náà, ó wò ó títí. Pẹpẹ olójú mẹ́ta ni, etí rẹ̀ gún régé. Oṣù kan gbáko ló fi kàn án ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Òní tí ìyàwó lọ sí ilé àdúrà ló rí àyè gbé e wọlé.

Yàrá kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń gbé láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ. Nínú yàrá yẹn, òfin ìyàwó ju òfin ìjọba lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ ilé tirẹ̀ ti mọ́. Bó bá ti dìde lórí eékún àdúrà, yóò tẹ́ ibùsùn, yóò gbálẹ̀ láti igun tó jìn jù wá sí ẹnu ọ̀nà, yóò fi aṣọ tútù nu tábìlì. Àwo kì í kọjú sókè; dídojúdé ni wọ́n ń wà, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Ọwọ́ ìkòkò gbọ́dọ̀ kọjú sí ògiri. Ẹni tó bá mú nǹkan, kó dá a padà sójú ibi tó ti mú un, kó tó jókòó, kó tó mí.

Láti nǹkan bí ọdún méjì, òfin náà tún le sí i. Bí Káfíńtà bá sún ife omi ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré, ọ̀rọ̀ dé. Lọ́jọ́ kan tó gbàgbé àpótí ìjókòó sí àárín ilé, ìyàwó kọsẹ̀ lára rẹ̀, ó sì bá a fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀. Káfíńtà kì í ṣe oníjà, ẹ̀rín ló fi ń dá a lóhùn. Kódà, ó ti hun oríkì kan fún un, tó máa ń kì lójú àlejò: “Ìyá Ìmọ́tótó, a-bá-eruku-jà-láìgbé-kùmọ̀, obìnrin tí aáyán rí, tó gbàgbé ọ̀nà ilé.” Àlejò á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á na ọwọ́ wá ife tí ọkọ rẹ̀ sún, á sì dá a padà sáàyè rẹ̀.

Ìjà yìí ni Káfíńtà fẹ́ fi pẹpẹ parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹrù sórí rẹ̀ bó ṣe ń to irinṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Gíga ló fi ń tò wọ́n: èyí tó ga jù lápá òsì, èyí tó kúrú jù lápá ọ̀tún. Igò kẹrosíìnì máa ń wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó bá igò òróró ṣe déédéé lóòró, ó sì fi òróró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sún tábìlì sábẹ́ fèrèsé. Ó jókòó sórí ibùsùn, inú rẹ̀ ń dùn bí inú ọmọdé tó fi nǹkan pamọ́.

Aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì ló mú ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kọ́ ara wọn lápá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Káfíńtà a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìfẹ́ tiwọn ju ti lọ́kọláya. Aránṣọ dágbére, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyàwó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó kí ọkọ rẹ̀. Pẹpẹ wà lára ògiri ní ọ̀kánkán rẹ̀. Ó kọjá lọ sídìí sítóòfù, ó tan án, ó gbé ìkòkò kaná.

Ara Káfíńtà kò gbà á mọ́. “Ìyá wọn, o ò rí nǹkan?”

Ọwọ́ ìyàwó dúró lára ìkòkò. “Mo rí i.” Fèrèsé ló kọjú sí. “Ó dára gan-an. Ẹ ṣé. Àwọ̀ rẹ̀ ló tún wù mí jù.”

Àwọ̀ kẹ̀? Káfíńtà kò tíì kùn ún. Ó rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni. Bí ìyàwó sì ti ń na ọwọ́ síbi tí tábìlì wà tẹ́lẹ̀, Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló là á lọ́nà pé òróró ti wà lórí pẹpẹ, lójú àárín, nínú igò gíga. Ọwọ́ ìyàwó rìn lójú igi náà bí ẹni ń wá ọ̀nà lóru. Ó bá igò gíga kan. Ó ṣí i, ó dà á sínú ìkòkò gbígbóná.

Ohun tó ń dà jáde funfun bí omi. Ọmọ ọwọ́ tó bá ń ríran á mọ̀ pé kì í ṣe òróró.

Káfíńtà kò mọ ìgbà tó fò dìde. Ó fa ìyàwó sẹ́yìn, ó gbá ìkòkò mú, iná ti yọ ahọ́n lórí rẹ̀, ó sì jù ú gba ẹnu ọ̀nà sórí iyanrìn ìta. Irun apá rẹ̀ jó. Nígbà tó padà wọlé, ìyàwó ṣì dúró níbi tó fà á sí, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wá ògiri. Ògiri kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí i.

“Láti ìgbà wo?” ni Káfíńtà béèrè.

Ìyàwó kò purọ́ mọ́. Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ láti bí ọdún méjì, tòsì ò sì rí ju òjìji lọ mọ́. Aránṣọ ló ń bá òun lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà sì ti ní èyí tó lọ ti lọ. Káfíńtà jókòó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà mà ju èje lọ. Ó rántí àdúrà tí obìnrin yìí ń gbà láràárọ̀, pé kí Olúwa jẹ́ kí ọwọ́ òun máa bá ohun tó ń wá. Owó ni Káfíńtà rò pé ó ń tọrọ. Àmín tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe sí i sì máa ń ròkè.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹ ò bá fi ṣẹ̀fẹ̀.”

Ẹyin lohùn.

“Bí ẹ bá sì mọ̀, àwọn ọmọ á mọ̀,” ni ìyàwó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Wọ́n á wá kó mi. Níbí, ọwọ́ mi mọ ilé, ẹsẹ̀ mi mọ ilé. Lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á gbé mi kalẹ̀ sójú kan bí ẹrù tí wọn ò tíì mọ ibi tí wọ́n máa fi sí. Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ilé mi padà fún mi.”

Káfíńtà mú òòlù. Ìṣó han bó ti ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kó gbogbo ẹrù sórí ibùsùn, ó sì gbé pẹpẹ síta. Tábìlì kò ṣòro: ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì hàn nílẹ̀. Igò kẹrosíìnì padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó mú agolo iyọ̀.

Ó dúró.

Ó wo tábìlì, ó wo ojú fèrèsé, ó wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan, bó bá ti ní iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀, iyọ̀ a dé iwájú rẹ̀. Òun náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ẹrù náà kúrò láàyè wọn ní òwúrọ̀ yìí, kò sì wo ibi tó ti ń kó wọn.

“Ìyá wọn,” ó ní, “ibo ni iyọ̀ ń gbé?”

Ìyàwó yí ojú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. “Ẹ ò mọ̀ ọ́n?”

Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ó kàn béèrè ni. Káfíńtà sì dúró láàárín ilé pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, bí àlejò tó gbé ẹrù wọlé, tó ń retí kí onílé fi ibi tí yóò gbé e sí hàn án.