Ẹ̀yìn Màmá Lábẹ́ Kànrìnkànrìn

Ìyá Dàpọ̀, jókòó tì mí kí n sọ àlá tí mo lá. Mo pọn omi láti fúláàtì wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ̀ kalẹ̀, mo ń fọ mọ́tò wa níta. Bí mo ṣe ń fi kànrìnkànrìn ha iwájú rẹ̀, ó di ẹ̀yìn màmá mi. Wọ́n ní, "Rọra, ọmọ mi, ó ń ta mí." Àwọn ará ilé yọjú láti ojú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Ha á dáadáa, ìdọ̀tí ṣì kù!" Ojú tì mí, mo bá tẹra mọ́ ọn. Awọ ń bó, ọṣẹ pọ́n, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Mo tún da omi sí i. Màmá rọra yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé ó ti mọ́ báyìí?" Mo fẹ́ dáhùn ni mo ta jí.