Télọ̀ Kan Ládùúgbò Wa

Ọmọ náà fi épírọ́nù kọ́rùn, ó kọjú sí kíláàsì. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ẹ̀dọ̀ ẹ ti kó kúrò nílé."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ìdánwò ni, nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Kálukú á wọ aṣọ tí wọ́n rán ìfun mọ́, á fi ọ̀nà oúnjẹ han olùkọ́ láti ẹnu títí dé ìdí. Ẹni tó bá fìdí rẹmi kò ní wọ wọ́ọ̀dù, òun sì ti fìdí rẹmi rí. Ó wolẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wà lósì, àpòlúkù wà lọ́tùn-ún.

Ìyá rẹ̀ ló rán an. Ẹ̀yìn aṣọ ló fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, bí àwọn télọ̀ ti máa ń ṣe kí àmì má bàa hàn. Nígbà tó yí aṣọ padà, ọ̀tún ti di òsì, kò sì mọ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú téépù lọ́rùn àti òwú lára aṣọ iṣẹ́.

"Ta ló rán èyí fún ẹ?" olùkọ́ bi í.

"Télọ̀ kan ni, mà. Ládùúgbò wa."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ pé ó ṣí sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wọlé. "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni télọ̀ náà. Àṣìṣe mi ni, kì í ṣe ti aunti. Tí ẹ bá gbà mí láyè, mo lè tún un rán níbí."

"Ṣé ẹ mọ ibi tí nǹkan wọ̀nyí ń gbé ni?"

"N ò mọ̀, mà. Ẹni tó ni ikùn ni kó júwe."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọmọ. "Ó dáa, máa júwe fún wọn. Ìdánwò ẹ nìyẹn."

Ìyá tú òwú. Ọmọ ń bá a mú píìnì. "Ọ̀nà ọ̀fun á gba àárín sọ̀kalẹ̀. Àpòlúkù á wà lósì."

"Òsì tèmi ni àbí òsì yín, aunti?"

Ìyá tó bí i ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ gbóná.

"Òsì tèmi, mà. Ẹ̀dọ̀ lọ́tùn-ún, lókè. Ìfun kékeré láàárín, ẹ ká a lọ ká a bọ̀. Ìfun ńlá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún, ó gòkè, ó dábùú ikùn, ó sọ̀kalẹ̀ lósì."

"Ibo ló wá já sí?"

"Ihò ìdí, mà."

"Ẹ ṣé, aunti. Gbogbo wa la mọ ìyẹn láìlọ ilé ìwé."

Kíláàsì tún rẹ́rìn-ín, olùkọ́ pàápàá. Ọmọ kò lè rẹ́rìn-ín.

"O yege," olùkọ́ ní. "Télọ̀ ẹ mọṣẹ́, ó tún níwà. Ibo ni mo ti lè rí wọn?"

Ìyá rọra mi orí sí i pé kó má sọ ọ́.

"Nílé wa, mà," ni ọmọ wí. "Ìyá mi ni."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kiri ilẹ̀.