Ìwé Tí Nọ́ọ̀sì Fi Lé Mi Lọ́wọ́

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún kí n tó mọ ìwọ̀nba ìwé tí mo fi ń kọ èyí. Kó tó dìgbà náà, kò sẹ́ni tó fura nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Alabama. Bó bá kàn mí láti ka Sáàmù fún àwọn obìnrin, màá ṣí Bíbélì, màá tẹjú mọ́ ọn, màá sì máa wí èyí tí mo ti há sórí. Lem ọkọ mi pàápàá kò mọ̀.

Lem ti jagun rí, ilé ìwòsàn ìjọba fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ló sì ń lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lórúnkún, wọ́n di báńdéèjì mọ́ ọn, wọ́n sì dì í le jù. Nọ́ọ̀sì fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́.

“Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa ṣe wà níbẹ̀, Ìyá. Ṣó yé yín?”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ó yé mi dáadáa, ọmọ mi.”

Lọ́jọ́ kejì, ìka ẹsẹ̀ Lem tutù. Ó ní kí n wo ìwé náà. Mo gbé e sójú, mo ní, “Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa rí.” Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ ti ń rùn. Wọ́n gé e.

Lem kọ̀wé sí ìjọba pé ilé ìwòsàn wọn ló ṣe òun léṣe, kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì sanwó gbà-má-bínú fún òun. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ìwé ti sọ pé bí ìka bá tutù, kó padà wá lọ́jọ́ náà, òun ló kọtí ikún. Ọ̀gbẹ́ni Coates tó ń bá àwọn ológun ro ẹjọ́ sọ fún wa pé ọ̀nà kan ló kù: ká fi hàn pé ẹnikẹ́ni ò fẹnu ṣàlàyé fún wa bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, adájọ́ obìnrin yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, torí ọ̀nà jíjìn ló ti ń gbọ́ ẹjọ́ wa.

“Ìyáàfin Tarver, ṣé ẹ ka ìwé yìí?”

“Mo kà á, mà.”

Ó jọ pé ara fu Coates; ó yíjú sí mi. “Ẹ ka ìlà kẹta fún wa.”

“Mo gbàgbé awò ojú mi sílé.”

Lem yọ tirẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. “Gbà, Verdie. Ojú arúgbó, ojú kan náà ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wọ̀ ọ́. Àwọn lẹ́tà náà kàn tóbi sí i ni.

“Ẹ má bínú, mà. N ò mọ̀wé. Mo purọ́ fún nọ́ọ̀sì, mo purọ́ fún ọkọ mi. Kò sẹ́ni tó fẹnu sọ nǹkan kan fún wa.”

Coates bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé kíákíá.

Mo ń ti kẹ̀kẹ́ arọ tí Lem jókòó sí jáde nígbà tó bi mí: “Àwọn lẹ́tà tó o kọ sí mi lójú ogun ní Vietnam ńkọ́?”

“Odessa ẹ̀gbọ́n mi ló kọ wọ́n.”

“Èmi náà kọ tèmi. Òun ló kà wọ́n fún ẹ?”

“Òun ni.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀, Lem.”



Lẹ́yìn oṣù méje, ìjọba dá a láre. Odessa gbé páì ọ̀dùnkún wá kí wa. Lem gba páì, ó ní, “Odessa, o mọ lẹ́tà kọ o. Mo gbádùn wọn nígbà yẹn.”

Odessa wo ojú mi, bí ẹni tó ń béèrè bóyá mo ti sọ fún Lem. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn abọ́ tó ti mọ́.