Ẹnu Mi Kọ́ Lo Fi Ń Jẹun

Lenore Whitlow kì í bá ọmọ rẹ̀ yan nǹkan kan. Láti ìgbà tí Tamsin ti wà ní kékeré, tó ń fa ìyá rẹ̀ láṣọ níwájú ẹni tó ń ta áísìkiriìmù létí adágún, tó ń béèrè èwo ni kóun mú, èsì kan náà ló ń gbọ́: "Ẹnu mi kọ́ lo fi ń jẹun, Tam." Ọmọ á bú sẹ́kún, àwọn tó tò sẹ́yìn wọn á máa kùn, Lenore ò ní mira. Orrin, ọkọ rẹ̀, máa ń sọ pé bí ilé bá ń jó, ìyàwó òun á kọ́kọ́ bi ọmọ bóyá ojú fèrèsé ló fẹ́ gbà jáde àbí ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì gba Tamsin wọlé, àìsàn ti dá Lenore dùbúlẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀. Kékeré ni kọ́lẹ́ẹ̀jì méjèèjì, irú ibi tí wọn kì í ti í ní kọ́mọ fi orin sílẹ̀ torí pé ó fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì. Alder Hill ò jìnnà, wákàtí kan péré ni láti ilé. Ó ní gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé tó dáa, ó ní ilé ìhunṣọ létí odò. Dunmere wà ní Ohio, odindi ọjọ́ kan lèèyàn máa fi wakọ̀ débẹ̀. Ibẹ̀ ni olùkọ́ kan ti mú Tamsin wọ yàrá kan, tó jẹ́ kó gbọ́ ohùn ẹyẹ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú igbó, tó sì gbé fàólíìnì ńlá, èyí tí wọ́n ń fi orúnkún mú, fún un pé kó dá ẹyẹ náà lóhùn. Ọmọ yìí fẹ́ràn ẹyẹ, ó fẹ́ràn fàólíìnì, àmọ́ kò mọ̀ pé ibì kan wà láyé tí méjèèjì ti lè di iṣẹ́ kan ṣoṣo.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?" Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí.

Lenore rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. "O ti tó ilé ọkọ, o ṣì dúró síwájú áísìkiriìmù."

"Tí mo bá lọ sí Ohio, ta ló máa wà lọ́dọ̀ Dádì?"

"Dádì ẹ mọ ẹyin sè. Ebi ò ní pa á kú."

Kí yìnyín tó yọ́ tán lẹ́yìn ilé, Lenore ti kú.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú wọn, gbogbo ọmọ tó bá ń jáde lọ́dún náà ló máa ń wọ súwẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì tó yàn ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, orúkọ rẹ̀ á hàn gàdàgbà láyà, wọ́n á sì jọ ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ yẹn ò tíì dé tí páálí kan fi wọlé. Orrin tú u lórí tábìlì ilé ìdáná. Súwẹ́tà Alder Hill ni, aláwọ̀ ewé. Lenore ló rà á, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti fi fóònù rà á.

Orrin fi aṣọ náà bojú, ó sunkún. "Ó yàn nígbẹ̀yìn," ó ní. "Tam, màmá ẹ ti yàn fún ẹ."

Àyà Tamsin já, ojú sì tì í pé àyà òun já. A lè bá alààyè jiyàn, ta ló lè bá òkú jiyàn? Ó rò ó pé ohun tó wà lọ́kàn ìyá òun látọjọ́ yìí nìyẹn, pé kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Ó ránṣẹ́ sí Dunmere pé òun ò wá mọ́.

Lọ́jọ́ fọ́tò, Petra ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó láyà. "Ìwọ ìyàwó ẹyẹ! Ohio ti kú nìyẹn?"

"Mọ́mì mi ló yàn án."

"Màmá ẹ wo? Èyí tí kì í yan ìbọ̀sẹ̀ fún ẹ?"

Ẹni tó ń ya fọ́tò ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, Tamsin rẹ́rìn-ín.

Oṣù yẹn ti ń lọ sí ìdajì nígbà tí páálí mìíràn dé ẹnu ọ̀nà. Súwẹ́tà aláwọ̀ búlúù ló wà nínú rẹ̀, Dunmere ni wọ́n kọ sí i. Ìwé pélébé kan wà lórí rẹ̀: ẹ má bínú, ìwọ̀n tí ẹ béèrè ló tán, a dúró de tuntun ni. Orrin wo ọjọ́ tí wọ́n rà á, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ọjọ́ kan náà ló ra méjèèjì," ó ní.

"Kò yàn," Tamsin ní. "Kò fẹ́ kí n wà láìní súwẹ́tà lọ́jọ́ fọ́tò ni, èyí tó wù kí n mú."

"Pe Dunmere. Pè wọ́n báyìí."

Ó pè. Obìnrin tó gbé e fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀: wọ́n ti fi àyè rẹ̀ fún ọmọ mìíràn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tamsin dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Èmi ni mo fà á," Orrin ní. "Èmi ni mo ní ó ti yàn."

"Ẹ̀yin kọ́, Dádì."

Kì í ṣe Ohio gan-an ló ń dùn ún jù. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀, àmọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ fi súwẹ́tà méjì sọ ọ́ kẹ́yìn, kò gbọ́.

Orrin dìde. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe fọ́mọ. "Ṣé kí n se ẹyin fún ẹ, àbí kí n dín in?"

Tamsin la ẹnu láti sọ pé èyí tó bá wu Dádì. Ó pa ẹnu dé.

"Ẹ dín in," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.